Kí Lorúkọ Sójà Tí Kò Padà Wálé?

Yàrá kan wà nínú agboolé wa, ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní yàrá Sójà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣu sí nígbà ìkórè, ibẹ̀ náà ni àwa ọmọdé máa ń sá pamọ́ sí bí a bá ń ṣeré bojúbojú. A kò bá sójà kankan nínú rẹ̀ rí. Bí a bá bi ìyá bàbá mi léèrè, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: "Yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n lọ sógun Hítílà. Wọn ò tíì dé." Ìyá àgbà kì í sọ pé ẹ̀gbọ́n àwọn kú, wọn kì í sì í sọ pé ó sọnù. "Wọn ò tíì dé" ni ọ̀rọ̀ wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá àwọn náà ní ọdún 2009.

Johannesburg ni mò ń gbé báyìí. Ìwé ni mo wá kà. Nígbà tí mo gboyè másítà tán, mo jókòó ti iṣẹ́ ìwé kíkọ, mo ń kọ fún ẹni tó bá fẹ́ san owó. Ọ̀rọ̀ yàrá Sójà ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá, àfi lọ́jọ́ tí mo sin màmá kan tí a jọ ń gbé ọgbà kan náà ní Yeoville lọ sí itẹ́ òkú Avalon ní Soweto. Màmá fẹ́ lọ tún ojú oórì ìyá wọn ṣe, mo sì bá wọn gbé ìgbálẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ní kí a yà síbì kan kí a tó máa lọ. Ibi ìrántí ọkọ̀ Mendi ni. Ọbabìnrin Elizabeth ló ṣí i ní 1995, ọdún kan lẹ́yìn tí Mandela di ààrẹ.

Màmá dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ọmọ abúlé àwọn kan ní Eastern Cape wà nínú ọkọ̀ náà, àti pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọkùnrin kan nínú ilé náà ní ìran kọ̀ọ̀kan láti ìgbà yẹn. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Nílé tiyín ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ẹnì kan lọ sógun àwọn òyìnbó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi lọ, kò sì bọ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo lanu, n kò rí nǹkan sọ. Sójà nìkan ni mo mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe bàbá mi lórí fóònù. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni màmá ń pè wọ́n. Àwọn ìyàwó ilé ń pè wọ́n ní Ọkọ Mi Sójà. Àwa tí a bí lẹ́yìn, Bàbá Sójà la gbọ́." Mo ní, "Orúkọ wọn gan-an ńkọ́, sà?" Bàbá ní àwọn yóò béèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tó kù nílé, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé kan bá lọ sógun tí kò bọ̀, ìwé ìjọba lè ní orúkọ rẹ̀ láì mọ irú ẹni tó jẹ́. Ilé rẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́, ó sì lè máà ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi ìwé ìjọba ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ ọ́. Ẹ̀bi tilé ni a kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ òun ni a lè tún ṣe kí ọ̀la tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Mendi, nítorí ó kan àwa náà ju bí a ti rò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 1917, nígbà ogun tí àwọn baba wa ń pè ní ogun Jámánì, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Darro forí sọ Mendi nínú kùrukùru, ní ìsàlẹ̀ Erékùṣù Wight ní Ìlú Ọba. Mendi rì. Ó lé ní 800 ọmọ ogun tó wà nínú rẹ̀, 616 nínú wọn ló sì bá omi lọ. Nínú àwọn 616 náà, aláwọ̀ dúdú ni 607. Darro kò sọ ọkọ̀ kékeré kankan sómi láti yọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, fún ọdún kan péré.

Kí ogun tó dé, ojú omi láàárín Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Mendi ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀yà kan ní Sàró pè é. Nígbà tó gbéra láti Cape Town lọ́dún náà, Èkó ló yà sí, Èkó ni wọ́n ti de ìbọn ńlá mọ́ ìdí rẹ̀ kó tó kọrí sí Ìlú Ọba. Mo máa ń rò ó pé àwọn ará Èkó kan yóò ti dúró létí ọ̀sà lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn kò gbọ́ èdè wọn, láì mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní fojú kan ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù kan sí i.

Wọn kò fún àwọn ọkùnrin náà níbọn. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wọn bí, kí wọ́n lọ máa gé igi, kí wọ́n máa la ọ̀nà, kí wọ́n máa já ẹrù ní etíkun Faransé. Ìjọba South Africa ìgbà náà kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú di ìbọn mú dojú kọ aláwọ̀ funfun, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Nígbà tí ogun parí, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn ọ̀gá wọn funfun, ìjọba náà kọ̀, wọn kò fún àwọn dúdú. Àmọ́ abúlé kò gbàgbé. Ìtàn Mendi ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní gbogbo ọdún tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, wọ́n fi orúkọ Mendi sọ oyè tí wọ́n ń fún àwọn akíkanjú, láti ọdún 2003. Ní 2018, olórí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ ara rẹ̀ dá aago ọkọ̀ náà padà fún Ààrẹ Ramaphosa. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí aago tó padà, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tó ń dúró dè é nílé.

Ta ló ń dúró nílé tiwa?

Lọ́dún 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Emure-Ile, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, sá kúrò nílé, ó lọ wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta. Isaac Fadoyebo lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó mọ̀wé díẹ̀, nítorí náà ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ó wà lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó kọjá òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ dé Bọ́mà, tí àròpọ̀ wọn ń lọ sí 100,000. Dífísọ̀n 81 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Aláǹtakùn ni àmì tí wọ́n ń rán mọ́ apá aṣọ wọn, nítorí ìtàn Ànáńsì tí gbogbo etíkun wa mọ̀. Inú àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n gbà, níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, tó jẹ́ pé orí ni àwọn aláàárù wọn fi ń ru ọta àti oúnjẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà pẹ̀lú Isaac kú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn fọ́ eegun itan rẹ̀, ó tún bà á níkùn. Òun àti sájẹ́ǹtì kan láti Sàró, David Kagbo, ni wọ́n kù nínú igbó, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn sì ti lọ. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ìlú náà, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Shuyiman, gbé wọn pamọ́, ó ń bọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí àwọn Japan bá mọ̀, gbogbo ilé rẹ̀ ni ì bá parun. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi dé ní ìparí ọdún náà.

Ẹ fojú inú wo Emure-Ile ní oṣù mẹ́sàn-án yẹn. Ọmọ sá nílé, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rí i. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ ogun ì bá ti kà á mọ́ òkú. Ohun tí mo rò nìyí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀: láàárín oṣù kẹta sí oṣù kejìlá 1944, Isaac Fadoyebo àti ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi wà ní ipò kan náà. Ọmọ abúlé ni àwọn méjèèjì, nǹkan bíi máìlì mélòó kan ló wà láàárín ìletò wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà pínyà.

Fadoyebo padà wálé ní 1945, ó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó bímọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì bá ìdílé Shuyiman. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé sójà tí wọ́n gbé pamọ́ kò gbàgbé. Fadoyebo kú ní 2012. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ológun Bọ́mà lé àwọn Rohingya, àwọn ènìyàn Shuyiman, kúrò ní Ìpínlẹ̀ Rakhine. Ó lé ní 700,000 tó sá lọ sí Bangladesh. Ilẹ̀ tó gba ọmọ Emure-Ile là kò gba àwọn ọmọ tirẹ̀ mọ́.

A mọ gbogbo èyí nítorí pé Fadoyebo bọ̀, nítorí pé ó mọ̀wé, àti nítorí pé kò dákẹ́. Àwọn tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Ògiri ìrántí kan wà ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Yangon, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun bí 27,000 sí, àwọn tó kú ní Bọ́mà tí a kò mọ ibi tí wọ́n sùn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Orúkọ wà lára ògiri náà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ń fi yàrá pamọ́ dè wọ́n.

Àjọ tí ń tọ́jú oórì àwọn ológun wọ̀nyí, Commonwealth War Graves Commission, ní ìwé orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tí mò ń wá. Kí ni n ó kọ? Sójà? Gbogbo wọn ni sójà. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Kì í ṣe ẹ̀bi wa nìkan, mo mọ̀. Àwọn akọ̀wé tí ń gba ọmọ ogun nígbà náà ń kọ orúkọ bó ṣe dún létí wọn. Wọ́n sábà máa ń fi orúkọ ìlú ẹni rọ́pò orúkọ baba rẹ̀, débi pé ọmọ Ìbàdàn mẹ́wàá lè di ọmọ baba kan náà lórí ìwé. Ti ogun Jámánì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí ètò tẹlifíṣọ̀n kan tí David Lammy ṣe ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, tí wọ́n kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun náà, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí a kò tilẹ̀ rántí rárá. Wọ́n ní iye náà lè tó 350,000. Aláàárù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ka àpótí ọta tí aláàárù gbé, wọn kò ka aláàárù.

Àwa náà ní ère kan tẹ́lẹ̀ ní Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sójà Ìdúmọ̀tà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi ṣe àpèjúwe ọ̀nà fún àlejò. Orúkọ ibi tó dúró sí ló ń jẹ́, bí ẹni pé kò ní baba.

Àmọ́ akọ̀wé òyìnbó kọ́ ló pa orúkọ rẹ́ nínú agboolé wa. Ọ̀wọ̀ ni. Àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ìkókó tí ó bá nílé, yóò wá orúkọ mìíràn fún un. Ọmọ kì í pe bàbá lórúkọ. Àṣà tó dára ni, n kò sì sọ pé kí a jù ú nù. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí ohun kan, pé ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún wà láàyè, ó ń bímọ, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà láyìíká tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tó kú sílé, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára oórì, a ó kì í lóríkì, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lọ sógun kó tó fẹ́yàwó kò ní ọmọ, kò ní oórì, kò sì sí ẹni tó ṣe òkú rẹ̀ nítorí pé ìrètí kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú, àwọn tó ń pè é lórúkọ tán. Àwọn tó kù ni àwọn tí ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n pè é. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe parẹ́ nínú ilé tó fi yàrá pamọ́ dè é fún àádọ́rin ọdún.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi níbí, gbọ́ gbogbo èyí, ó ní kí ló dé tí mò ń yọ ara mi lẹ́nu. Ogun òyìnbó ni, ó ní. Wọ́n fi àwọn baba wa jà fún ìjọba tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Kí a máa ṣe ìrántí rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé a ń bá wọn yin ara wọn? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀, n kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ogun náà kì í ṣe tiwa lóòótọ́. Ọmọ tó lọ ni tiwa. Bí a bá ní kí a gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn ló rán an níṣẹ́, a ti fún ẹni tó rán an ní ohun méjì: ẹ̀mí rẹ̀, àti orúkọ rẹ̀.

Ó sì tún kù síbì kan. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àná ni èyí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí láìpẹ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, ọdún 2025, wọ́n ṣí ibi ìrántí tuntun kan ní Cape Town fún àwọn aláwọ̀ dúdú South Africa tó lé ní 1,700, àwọn òṣìṣẹ́ ogun Jámánì tí a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan rí. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe òpó tí wọ́n kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ìrókò, nítorí pé àwa mọ igi tó jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn sójà South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní apá Goma ní Kóńgò, nínú ìjà pẹ̀lú àwọn M23. Àwọn 14 ló kú. Ọjọ́ 13, oṣù kejì, ni òkú wọn tó dé ilẹ̀ South Africa. Ní òpópónà wa ní Yeoville, nínú takisí, níwájú ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ wọn ni gbogbo ènìyàn ń sọ, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú àwòrán. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé, inú ń bí àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Mo wá rántí ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu ibùdó àwọn sójà wa ní Metele, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Iléeṣẹ́ ológun sọ pé 23 ló kú. Àwọn oníròyìn tó bá àwọn sójà sọ̀rọ̀ gbé e jáde pé ó tó 100. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a fi jiyàn iye lórí rédíò àti lórí Facebook. Bí ìwé orúkọ bá wà níta tí gbogbo wa lè kà, ta ni ì bá máa jiyàn iye? Láàárín 23 àti 100, ìyá mélòó ló wà níbẹ̀? Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, a ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, a ń fi òdòdó sílẹ̀ fún àwọn ológun tó ṣubú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nira. Ti ìjọba ni pé kí orúkọ gbogbo sójà tó bá kú lójú ogun di ohun tí a ń kà jáde, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ sọ fún ìdílé rẹ̀, kí a má máa fi iye bo orúkọ mọ́lẹ̀. Ti àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó fi kọ́ gbọ̀ngàn ìlú lè ra ìwé ńlá kan, kí ó sì rán ọ̀dọ́ mẹ́ta lọ láti agboolé dé agboolé: ta ló lọ sógun Jámánì, ta ló lọ sógun Hítílà, ta ló lọ sógun Bìáfúrà, ta ló lọ sí Borno, ta ni kò bọ̀.

Ti èmi àti ìwọ ni pé kí a béèrè lónìí, kì í ṣe nígbà ọdún Kérésì. Orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ìnagijẹ. Orúkọ baba rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ta ni ó tẹ̀ lé, ta ló tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe kó tó lọ. Bí àwòrán tàbí lẹ́tà bá wà nínú àpótí kan, kí a yà á sórí fóònù kí ikán tó jẹ ẹ́. Àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn kò sì ní dúró dè wá.

Ìbéèrè tó ní "ta ni ó tẹ̀ lé" yẹn ló yọ mí. Lẹ́yìn oṣù kan, bàbá mi tún pè mí. Wọ́n ní àwọn rí ọ̀rẹ́ ìyá àgbà kan tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì bi wọ́n léèrè orúkọ Sójà. Ìyá náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣáà ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n Àlàbá ni, ẹ̀gbọ́n Àlàbá ni." Bàbá ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ta ni Àlàbá?"

"Ìyá mi ni. Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní kékeré nìyẹn."

Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Orúkọ ìrìbọmi wọn ló wà lára ìwé ètò ìsìnkú. Ọ̀wọ̀ ti bo orúkọ tiwọn náà mọ́lẹ̀, ojú wa ló sì ṣe. Mo béèrè bóyá ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé òun gan-an ni ìyá àgbà tẹ̀ lé. A dákẹ́ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú kan. Mo gbọ́ tí bàbá mí kanlẹ̀. Ibejì ló ń ṣáájú Ìdòwú, Ìdòwú ló ń ṣáájú Àlàbá. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pe ìyá àgbà lórúkọ ní kékeré, ó ti pe ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ ọn.

Ìdòwú pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. N kò lè nawọ́ sí ọ̀kan nínú ìwé àjọ náà kí n ní tiwa nìyí. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kọ. Bàbá ti ní kí wọ́n kó iṣu kúrò nínú yàrá náà, kí wọ́n sì kan pákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí a ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n Àlàbá. Ó lọ sógun Hítílà. Kò tíì dé.